Ẹ Gbé Àga fún Dókítà

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́ lè pè é bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀, etí wọn kò sì di. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lójú fèrèsé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni káfíńtà kígbe, "Orí mi o!" tó sì ṣubú lé pákó tó ń fá. Ẹ̀jẹ̀ ló tú sí àyíká ọpọlọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò lajú, kò sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, jókòó tì í nílé ìwòsàn, ó ń fi òwú tí a rẹ sómi nu ètè rẹ̀.

Lọ́sàn-án tí à ń wí yìí, dókítà àgbà wọlé pẹ̀lú àwọn dókítà kéékèèké. Ó gbé ìpéǹpéjú káfíńtà sókè, ó tan iná sí i. Ó já a léèékánná léjìká. Kò mira.

"Irú èyí," ó yíjú sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, "a ti mọ ibi tí yóò já sí. Nínú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án kì í jí. Èyí tó bá jí, kò ní mọ ìyàwó rẹ̀ yàtọ̀ sí ògiri."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ gbé òwú sílẹ̀. Ó dìde.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òkú lẹ rò pé ó wà níbí ni? Etí rẹ̀ lẹ ń sọ ọ́ sí!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí? Ẹ ti mọ ọ̀la rẹ̀, ẹ ò tíì bèèrè orúkọ rẹ̀!"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó la ẹnu láti fèsì.

Nígbà náà ni ohùn kan jáde. Kò ga. Bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni.

"Ẹ gbé àga fún dókítà."

Gbogbo wọn yíjú sí bẹ́ẹ̀dì. Ojú káfíńtà ṣì wà ní pípadé. Ètè rẹ̀ kò mì. Ṣùgbọ́n aránṣọ mọ ohùn ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì?"

Ó tẹ etí mọ́ ètè ọkọ rẹ̀, èémí nìkan ló gbọ́.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" Dókítà fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. "Ta ló..." Ọ̀rọ̀ náà wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú. Kò sẹ́ni tó gbé àga.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, dókítà àgbà náà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí ti káfíńtà. Àìsàn kan náà. Dókítà kékeré tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló tan iná sí i lójú. Ó mirí.

"Irú èyí..."

"Pa ẹnu mọ́!" Aránṣọ ti dúró sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. "Ọ̀gá yín nìyẹn! Ẹ ò ní sọ ọ́ sí òun náà létí. Bí ẹ bá fẹ́ rojọ́, ìta ń bẹ!"

Wọ́n jáde, wọ́n ń wẹ̀yìn.

Ìyàwó dókítà sáré dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.

"Kí ni wọ́n ní yóò ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ẹ má bi wọ́n, ìyá mi. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Ó jókòó. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní ọkọ yín ló ṣe é."

"Èyí tó kọ lu tèmi ńkọ́? Ta ló ṣe ìyẹn?"

Ìyàwó dókítà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Àfi bí àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe fa èémí gígùn kan lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Èémí náà rọra padà sílẹ̀, tàwọn méjèèjì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mí títí di òní. Bí ọ̀kan bá fà á, èkejì a fà á. Kò sì tíì sí dókítà tó gbójú wọlé wá sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ lajú nínú wọn.