Ìjókòó Keje

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa. Ìtàn owú ni mo fẹ́ sọ fún yín, ti ọkùnrin kan tó fẹ́ fi irọ́ kékeré yọ ẹnì kan nínú mọ́tò, tó wá jẹ́ pé ẹlòmíì ni irọ́ náà yọ.

Mẹkáníìkì ni ọkùnrin náà. Ọ̀sán gangan ló kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin kan, tó ń ti mọ́tò gbọọrọ kan bọ̀ lójú títì, ẹsẹ̀ lásán, bàtà rẹ̀ há sábẹ́ abíyá, òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Nídìí sítíárìn, ìyá àgbà kan jókòó ṣinṣin, ó ń wo iwájú bí ọ̀gá atukọ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ má tì í mọ́," ni mẹkáníìkì wí, ó ti sáré jáde.

"Ìgbà tí mo tì í débí tán lẹ wá ń sọ pé kí n má tì í mọ́. Níbo lẹ wà látàárọ̀?"

Ìyá àgbà yọrí lójú fèrèsé. "Ọmọ mi, má dá a lóhùn. Tíṣà ni. Kò rí ẹni bá wí látàárọ̀ ni."

Ọjọ́ náà lọkàn mẹkáníìkì ti kúrò láyà rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, tí ilé ìwé bá ti jáde, Tíṣà á wá jókòó lórí táyà àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ó ń pè é ní Ọlọ́wọ́-epo. Òun náà ń pè é ní ẹyinjú mi.

Nígbà tí ọlidé gígùn wá ń sún mọ́lé, àwọn ará ilé Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ètò ìrìn àjò wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń di àgọ́ sórí mọ́tò, tí wọ́n á gba ọ̀nà ilẹ̀ olókè lọ sùn lẹ́sẹ̀ òkè fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ka mẹkáníìkì mọ́ra. Inú rẹ̀ dùn dọ́ba, àfi ìgbà tó wọ pálọ̀ tó sì rí ẹni tó jókòó ti Tíṣà nídìí máàpù.

Onífọ́tò, aládùúgbò wọn ni. Ó ga, ó sì mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bá wọn lọ. Ó mọ kọ́nà tó léwu, ó mọ ibi tómi ti mọ́. Bó ṣe fìka lé máàpù, bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà fi tiẹ̀ tì í.

"Ṣó o rántí ibi tí àgọ́ ti wó lù wá?" ni Onífọ́tò bi í. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ta mẹkáníìkì láyà bí ata tó bọ́ sójú.

"Ta ló máa wakọ̀?" ló béèrè.

"Onífọ́tò ni," ni ìyá Tíṣà dáhùn. "Tíṣà á jókòó níwájú, kó máa ka máàpù fún un."

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kàn. Ìjókòó méje ló wà nínú mọ́tò náà: bàbá, ìyá, ìyá àgbà, Tíṣà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Onífọ́tò, àti òun. Lọ́jọ́ kejì tó wá yẹ mọ́tò náà wò fún wọn, bó ṣe jáde lábẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sáré ju làákàyè rẹ̀ lọ.

"Ìjókòó ẹ̀yìn ò dáa o. Irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Èèyàn mẹ́fà péré ni mọ́tò yìí lè gbé gòkè."

Lọ́kàn rẹ̀, ó dá a lójú pé Onífọ́tò tó jẹ́ àlejò ni wọ́n máa yọ.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ yọ mí. Èmi ni mo dàgbà jù, ẹsẹ̀ mi náà ò fẹ́ẹ́ gbé mi mọ́. Ẹ bá mi kí òkè náà."

Ọdún tí màmá yìí relé ọkọ ni òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti di báàgì rẹ̀ tó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mẹkáníìkì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti pààrọ̀ ọ́ìlì, ó bá ìyá àgbà ní ìta gbangba, tó ń kó ẹrù jáde nínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ fìlà òtútù, ó yọ tọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Mẹkáníìkì ò lè wò ó mọ́. Ó pe Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kò sóhun tó ṣe ìjókòó yẹn. Irọ́ ni mo pa."

"Nítorí kí ni?"

"Onífọ́tò. Mo fẹ́ kó dúró sílé."

Tíṣà nàka sí i. "Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún ẹ pé ìwọ ni. Ṣé kí n kọ ọ́ sí pátákó ni? Má bẹ̀ mí. Wọlé, kó o sọ ọ́ lójú gbogbo wọn."

Ó sì sọ ọ́. Bàbá yọ awò ojú, ó gbé e kalẹ̀. "Ìwọ tá a fẹ́ fọmọ fún?" ni ìyá Tíṣà wí.

Onífọ́tò dìde. "Ẹ má bá a wí jù. Ohun tó rí, ojú rẹ̀ ò tàn án. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ fún Tíṣà gun òkè yẹn, tí mo tún ń gbé e sọ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n dúró sílé."

Tíṣà ń wolẹ̀. Ìyá àgbà ló dá ẹjọ́ náà.

"Ẹnikẹ́ni ò ní dúró sílé. Ìjókòó méje, èèyàn méje. Onífọ́tò, ìwọ lo máa wakọ̀. Ìwọ òpùrọ́ yìí, ẹ̀yìn lo máa bá mi jókòó, ìkòkò á sì wà nítan rẹ títí a ó fi débẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà ò bá a sọ ju "gba omi" lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìkúukùu ṣì bo orí òkè, mẹkáníìkì ń fẹ́ná, ni Tíṣà bá wá jókòó tì í.

"Ṣó o ṣì ń jowú?"

"Mo ń jowú. Tí Onífọ́tò bá ti já kọ́nà, tó o ní 'o káre', ńṣe ni inú mi ń ta."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Máa jowú ẹ. Tó bá ṣáà ti dé, èmi ni kó o sọ ọ́ fún, má lọ dì í mọ́ mọ́tò lórí."

"Mo gbọ́. Ẹyinjú mi, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Ọlọ́wọ́-epo," ni Tíṣà wí, ó ki ọwọ́ bọ ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún èédú, "mo ti gbà."

"A ti gbọ́," ni ìyá àgbà wí látinú àgọ́. "Ẹ gbé tíì wá."

Kí ọlidé tó tún dé ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ta ló sọ ọ́ fún mi, Onífọ́tò ni. Ó lọ pọnmi láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin yẹn. Nígbà tó ń bọ̀, ó gbọ́ ohùn wọn, ló bá dúró sẹ́yìn igi, kó má baà já lù wọ́n. Garawa méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé wọn kalẹ̀ títí ọ̀rọ̀ wọn fi parí. Ó ní wọ́n wúwo.