Epo Lórí Ìgò Pupa

Wọ́n ti fi aṣọ bo òkú Àjíkẹ́ nígbà tí Kámáráàdì Honoré dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá, kò wo ibẹ̀. Ìgò gáàsì tó dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn ló ń wá lọ.

Ilé ìdáná Albertine, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti jó. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Àjíkẹ́ ṣáná láti gbé omi kaná. Gáàsì ti jò kún inú ilé kó tó ṣá a. Iná gbá a mú lójú ẹsẹ̀. Àwọn aládùúgbò fi iyanrìn àti àpò tútù pa iná, wọ́n yí ìgò náà jáde. Kò bẹ́. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni iná ti bó lọ́dà, ara rẹ̀ yòókù ṣì pupa.

"Ẹ wo ọrùn ẹ̀," ni Honoré wí. "Ìràwọ̀ nìyẹn. Ṣé rédíò ò kéde ni? Iléeṣẹ́ tó rọ ọ́ ní kí ẹni tí ìgò oníràwọ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ dá a padà, pé ẹnu ẹ̀ ń jò. Albertine yìí kọ̀, ó ń lò ó lọ. Sàbótáàjì ni, ó fẹ́ ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ mú un lọ sí Àjàṣẹ́."

Ẹni tí kò bá mọ Honoré kò tíì gbọ́ ariwo. Ayé Ehuzu ni, ayé Rèfòlúsíọ̀n tí wọ́n ní ohun gbogbo ti yí padà, òun ni wọ́n sì fi ṣe aṣojú ìjọba ní Ifangni. Kóòtù ló ń wọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ń làágùn bí ẹni tó ru ẹrù ẹlẹ́rù. Ó kó èèyàn lọ wó ojúbọ Ògún ní Ko-Koumolou, ó ní òpònú ló ń bọ irin. Ó ti arúgbó kan mọ́lé nítorí àkùkọ kan ṣoṣo. Gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rù rẹ̀. N ò tíì rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣẹ́ẹ̀fù tó ń pàṣẹ fún yẹn ni Ifátóyè, olórí àwọn jàndáámù, àwọn ọlọ́pàá ìlú náà. Èèyàn tó máa ń fi ojú ṣiṣẹ́ kó tó la ẹnu ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá mú Albertine dé ilé ẹjọ́ Àjàṣẹ́, kò ní padà wálé. Ẹjọ́ sàbótáàjì kì í fa ọ̀rọ̀ gùn láyé ìgbà náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Albertine. "Ìyá, ta ló ni ìgò yìí?"

"Èmi ni, tàbí kí n ní mo rò pé èmi ni." Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ti sunkún tán. "Ìgò tèmi ò ní ìràwọ̀ kankan. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́dọ̀ Jẹ́láàní ni mo ti rà á, ní Igolo."

"Ẹ gbọ́!" ni Honoré wí. "Jẹ́láàní, onífàyàwọ́!"

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ rí?" ni Ifátóyè bi Albertine.

"Ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí rédíò kéde, Kámáráàdì ní kí a gbé gbogbo ìgò wá sí àgbàlá àwọn fún àyẹ̀wò. Ó sun ibẹ̀. Wọ́n kùn ún ní pupa kí wọ́n tó dá a padà."

Òótọ́ ni. Ìgò gáàsì mẹ́ta péré ló wà ní Ifangni: ti Albertine tó ń se oúnjẹ tà, ti Scholastique agbẹ̀bí, àti ti Honoré fúnra rẹ̀. Honoré kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ó kéde pé kò sí ìràwọ̀ lára ìkankan. Ó wá ní àwọ̀ Rèfòlúsíọ̀n ló yẹ wọ́n. Bí ẹni pé omi tí a gbé ka gáàsì Rèfòlúsíọ̀n máa ń tètè hó.

"Kì í ṣe ìgò tó gbé wá fún mi nìyí," ni Honoré wí kíákíá. "Ó ti tà á. Jẹ́láàní ló ta oníràwọ̀ fún un ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì kùn ún kó lè jọ tiwa."

Ifátóyè kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó wo ìgò náà yíká. Láti abẹ́ ọrùn ìgò, ọ̀dà pupa náà ti ṣí ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣàn wálẹ̀ bí ipa omi òjò lára ògiri. Iná kọ́ ló ṣe ìyẹn, nítorí iná ò dé ibẹ̀. Ó fi èékánná họ ìlà kan, ó fi ìka ra á. Ó ń yọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀: epo pupa. Níbi tí ọ̀dà náà nípọn, ìyẹ́ adìẹ kékeré kan há sábẹ́ rẹ̀.

Ó fi ìyẹ́ náà sínú páálí ìṣáná, ó dìde.

Igolo ló kọ́kọ́ lọ. Jẹ́láàní jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ń wo àwọn alárù tó ń ti ọ̀nà Ìdìròkò bọ̀.

"Ọ̀gá mi, onífàyàwọ́ ni mí, n ò jiyàn," ni Jẹ́láàní wí. "Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń wọ ibí yìí tí ojú mi ò rí. Ìgò oníràwọ̀ ò wá sí ọjà rí. Ọdún yìí ni wọ́n gbé e dé Kútọnu, àwọn kámáráàdì ni wọ́n sì pín in fún. Kí n ríbi rà á ná kí n tó tà á."

"Ta ló máa jẹ́rìí sí ẹ?"

"Fún onífàyàwọ́? Kò sí o."

Láti ibẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ Scholastique. Ó wo ìgò agbẹ̀bí náà tòkè tilẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ dán, kò ṣí níbì kankan. Ó fi ọ̀bẹ họ ọrùn rẹ̀, kò rí ìràwọ̀.

Ó kù sí ọwọ́ ẹni tó kùn wọ́n. Ògúnlẹ́yẹ ni, alágbẹ̀dẹ, ọmọ ìdílé Ògún pọ́ńbélé. Ọkàn Ifátóyè sì ti fura sí i díẹ̀, nítorí epo àti ìyẹ́.

"Nígbà tí o ń kùn wọ́n, ṣé o rí epo lára ìkankan?"

"Mo rí i lára ọ̀kan. Mo ní kí n fọ̀ ọ́, Kámáráàdì ní kí n máa kùn ún lọ, pé òun ń kánjú. Ọ̀dà kì í mú orí epo, mo sọ fún un. Ó ní ṣé èmi ni n óò kọ́ òun."

"Ti ta ni?"

"N ò mọ̀. Mo bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdúró nínú àgbàlá ẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, òun fúnra ẹ̀ ló pín wọn."

"Ìwọ kọ́ lo ta epo sí i?"

Ògúnlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. "Igi ni ìyàwó mi fi ń dáná. Ṣẹ́ẹ̀fù, ọmọ ibí lẹ kúkú jẹ́. Irin tuntun tó bá wọlé ẹni là ń ta epo sí lórí, tí à ń lẹ ìyẹ́ adìẹ mọ́, kí Ògún má bàa bínú. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Irin tó ti jẹun nílé ẹni, ta ló tún ń kí i káàbọ̀? Ẹni tó bá ni ìgò ló ṣe é."

Albertine kì í ṣe é, ilé ìjọsìn ló ń lọ láràárọ̀. Scholastique náà bẹ́ẹ̀, ìgò tirẹ̀ sì mọ́. Ó wá ku ẹnì kan, ẹni tó wó ojúbọ. Ifátóyè ronú sí i, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí ní Àjàṣẹ́.

Ó padà lọ mú Albertine, ó fi okùn di í lọ́wọ́. "Ó ti yá, a ti ń lọ," ló wí. Àwọn ará àdúgbò kùn yùnmùyùnmù. Dípò kó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́, ó yà sí ilé Honoré.

"Bọ́n," ni Honoré wí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ti mú un."

"Ó ku nǹkan kan, Kámáráàdì. Wọ́n á bi mí ní Àjàṣẹ́ bóyá mo fi ìgò yẹn wé ti ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n wo tiyín."

Honoré ṣíwájú wọn wọ ilé ìdáná, àyà rẹ̀ ṣíwájú òun alára. Ìgò pupa náà dúró ní igun.

"Tiyín nìyí?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ò fọwọ́ kàn án rí."

Ifátóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀dà ìgò náà ò ṣí rárá. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà pupa náà, lábẹ́ ọrùn, epo ti dà, ó ti gbẹ, ìyẹ́ funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Kí lèyí?"

"Epo ọbẹ̀ ni. Ó ta sí i."

"Irú ọbẹ̀ wo lẹ ń sè tí ìyẹ́ wà nínú ẹ̀?"

Ifátóyè ṣí páálí ìṣáná, ó gbé ìyẹ́ àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì.

"Èyí wà lábẹ́ ọ̀dà ìgò tó pa Àjíkẹ́. Ìyẹn wà lórí ọ̀dà tiyín. Ọwọ́ kan náà ni. Kámáráàdì, bí ìgò yìí bá jẹ́ tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ẹ tún ń fi epo kí i káàbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún? Irin àlejò là ń kí. Ti Albertine nìyí. Ìgò oníràwọ̀ ni tiyín, wọ́n pín in fún yín ní Kútọnu, ẹ sì ti bọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀dà lẹ fi bo ìràwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá gbé e fún obìnrin yìí."

Honoré wo ojú fèrèsé. Ìyá rẹ̀ tó wá láti Banigbé jókòó síta níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ìyá náà ò gbójú sókè.

"Mo sọ fún un pé kó fọ epo ìgò àkọ́kọ́ kúrò kó tó kùn ún," ni ìyá náà wí. "Kì í gbọ́ràn."

Báyìí ni Kámáráàdì tú palẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, kóòtù rẹ̀ ká jọ sí i lọ́rùn.

"Wọn ò ní fún wa ní òmíràn. Ẹni tó bá dá tiẹ̀ padà, ó di oní-èédú. Kí aṣojú Rèfòlúsíọ̀n máa fẹ́ èédú, kí obìnrin tó ń se oúnjẹ tà yìí máa lo gáàsì?"

"Ẹ̀ bá máa lo tiyín lọ."

"Ẹ̀rù ń bà mí." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Rédíò ní ó ń jò. Mo ro ó títí. N ò lè lò ó, n ò sì lè dá a padà. Mo ní bóyá kò ní ṣe nǹkan kan. Mo bẹ Ògún."

Ojo tó gbé ikú ẹ̀ fún aládùúgbò, tó tún lọ ti ẹ̀bi rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ifátóyè tú okùn ọwọ́ Albertine, ó fi okùn náà di ọwọ́ Honoré. Ó ní kí Albertine gbé ìgò rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ ni.

Albertine ò gbé e. Ó dúró níwájú Honoré, ó wo epo tó gbẹ sára ìgò náà.

"O bẹ Ògún nígbà tí o gba tìrẹ," ló wí. "O tún bẹ̀ ẹ́ nígbà tí o jí tèmi. Nígbà tí o gbé ìgò ikú fún Àjíkẹ́, ṣé o bá a bẹ̀ ẹ́?"

Honoré gbé ojú kúrò lára ìgò náà, ó tún wo ojú fèrèsé. Níta, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀gúsí lọ.