Ta Ni Yóò Dúró fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?

Nígbà náà, ọba ṣì ń dájọ́ láàárọ̀ nínú ààfin, òyìnbó sì ń dájọ́ lọ́sàn-án lábẹ́ òrùlé páànù. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ọlọ́pàá tuntun, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tò síwájú ilé ẹjọ́, ara wọn ń dán fún epo. Kálukú ń yọjú wo fìlà pupa àti kàkí tó wà lórí tábìlì bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

Sájẹ́ǹtì ló ń tò wọ́n. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun, ohùn rẹ̀ sì tó láti dá ẹṣin dúró. Bó ṣe rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́yìn ìlà, ọkàn rẹ̀ dàrú.

Ará ìsàlẹ̀ odò ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ àwọn amọ̀kòkò tí èdè wọn yàtọ̀ sí ti ará ìlú. Ìkòkò wọn ni gbogbo ìlú fi ń pọnmi, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi ọmọ fún wọn fẹ́. Nígbà tí ṣànpọ̀nná kọlu Sájẹ́ǹtì lọ́dọ̀ọ́, tí ẹbí rẹ̀ sá fi í sílẹ̀, ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló gbé e wọlé, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń pè é lọ́mọ.

Òun ló wá bẹ̀ ẹ́ nítorí iṣẹ́ yìí. Òfin ni pé kò sẹ́ni tó lè di ọlọ́pàá bí ọlọ́pàá kan kò bá dúró fún un. Kò sì sí ará ìsàlẹ̀ odò kankan nínú iṣẹ́ náà. Òfin ọ̀hún kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn tilẹ̀kùn mọ́ wọn jẹ́ẹ́ ni. Sájẹ́ǹtì ní kí ìyá lọ fọkàn balẹ̀, òun yóò dúró fún ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà sáré, kò sẹ́ni tó bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo eyín rẹ̀, kò lábùkù. Ni ògbufọ̀ òyìnbó bá bi í pé, "Ta ló dúró fún ọ?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo Sájẹ́ǹtì. Ọlọ́pàá kan lẹ́yìn ní ṣé amọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa kì sínú ìbọn báyìí ni. Ẹ̀rín sọ. Sájẹ́ǹtì bojú wolẹ̀, ó ń tún bẹ́líìtì rẹ̀ dì, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì náà kò tú. Ojú ń tì í láti jẹ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ dàńṣíkí rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n jí ẹrù oníṣòwò kan, wọ́n ní ìsàlẹ̀ odò ló wà. Sájẹ́ǹtì wà ní kọ́ọ̀tù nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ya bo àdúgbò náà. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó gbédè ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró béèrè nǹkan kí kùmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìkòkò fọ́, orí fọ́, wọn kò sì rí ẹrù kankan níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá pátápátá àwọn ọlọ́pàá, inú bí i gidigidi. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gba ará ìsàlẹ̀ odò síṣẹ́, kí wọ́n má sì bi wọ́n léèrè onídùúró. Díẹ̀ ló kù kí Sájẹ́ǹtì máa sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá. Ó rò pé Ọlọ́run ti bá òun tún un ṣe.

Ìyá jókòó sáàárín àpáàdì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sì pe ọmọ rẹ̀ jáde. Sájẹ́ǹtì fi ẹ̀rín sọ fún un pé kó kí òun bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà dé àyà, kò lè lọ mọ́. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ní ìgbọ̀nwọ́, ó sì ti jinná ní wíwọ́.

"Ta ló ṣe é?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

Ìyá rọra kúnlẹ̀. Arúgbó tó ti wẹ̀ ẹ́ rí kúnlẹ̀ fún un bí gbogbo àdúgbò náà ṣe ń kúnlẹ̀ fún ọlọ́pàá.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ẹ ṣáà bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má padà wá."

Sájẹ́ǹtì bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Kò dìde títí ọkùnrin náà fi kúrò lójúde.