Olè Tó Kó Kápẹ́ẹ̀tì, Tó Fi Ọkọ̀ Sílẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí n má baà máa pariwo. Ẹni tó ní àpótí, kó gbé e wá. Ẹni tí kò ní, kó jókòó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ni mo kúkú fẹ́ sọ. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ ni. Olè ló wá ká a lọ lọ́sàn-án gangan.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníkápẹ́ẹ̀tì ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ asáré àtijọ́ kan wà níbẹ̀, pupa fòò, onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á rò pé orí títì lòun jókòó sí. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí ìṣó lára ògiri. Olè kò fọwọ́ kàn án. Rédíò wà níwájú ọkọ̀. Kò yọ ọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ ló kó, awẹ́ mọ́kànlá, tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tó ká etí wọn rán, tó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tún kó bébà tí ìyá fi wọn ilẹ̀ ọkọ̀ kó tó gé nǹkan kan.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, Màmá Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é, nítorí tọ́ọ̀ṣì kékeré tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Eékún rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ku oṣù mẹ́ta kó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ti rí i lára, orin ló máa ń kọ. Ó wo ọkọ̀ náà yí ká, ló bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ohùn:

*Olè dé, olè ò gbọ́kọ̀,*
*Olè dé, olè ò gbówó,*
*Ohun tá à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lolè gbé,*
*Ẹ bá mi wojú olè yìí.*

Ọlọ́kọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Dídán ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tó mọ̀ láyé ju kó máa nu ọkọ̀ yìí lọ. Bàtà ló ń bọ́ kó tó wọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ funfun ló fi ń wà á, gbogbo àdúgbò ló mọ ìbọ̀wọ́ náà ju ojú rẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ bùútù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀, kò fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ lásán ló ń nà sí Ìyá Oníkápẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ tó funfun bíi ti ẹni tí oòrùn ò pa rí.

Ó ní obìnrin náà ti ta kápẹ́ẹ̀tì òun. Ó ní kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́, kí wọ́n fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa kílẹ̀ tó ṣú. Ó ní ọ̀rẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá lòun, kò sì parọ́ nínú ìyẹn. Ìwé àṣẹ tó máa ti ṣọ́ọ̀bù náà ti wà lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé Màmá Tọ́ọ̀ṣì wá.

Ìyá Oníkápẹ́ẹ̀tì kò sunkún. Opó ni, ṣọ́ọ̀bù yìí ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń fi í jẹun. Ó kàn di abẹ́rẹ́ gígùn kan mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Màmá Tọ́ọ̀ṣì ní kó sọ bó ṣe jẹ́. Ìyá ní òun jáde láago méjìlá láti lọ kó aṣọ àga fún oníbàárà, òun dé láago méjì. Òun kò ti géètì ọgbà tí ṣọ́ọ̀bù wà, torí wẹ́dà tó ń jó irin wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọgbà náà. Nígbà tóun dé, ilẹ̀ ọkọ̀ ti wà níhòòhò, ó ku fóòmù pẹlẹbẹ tóun lẹ̀ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló dé tí fóòmù yìí là sí méjì láàárín?" Màmá Tọ́ọ̀ṣì bi í. Ó ti forí wọ inú ọkọ̀, ó ń tan iná.

"Èmi ni mo là á, mà. Nígbà tí mo ṣí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́, mo rí irin kan tó ga sókè, tó gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kan lọ sí ìkejì. Tí n kò bá la fóòmù fún un, kápẹ́ẹ̀tì á wú bí ikùn. Mo fà á sórí bébà, mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa kùn ún."

Ó fi kún un pé ọlọ́kọ̀ ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé kóun lẹ tuntun mọ́ orí ti àtijọ́, kóun má ṣí nǹkan kan. Òun kò gbà. Ti àtijọ́ ti jẹrà, ó ń rùn bí ajá tójò pa. Lánàá lòun na bébà náà han ọ̀gá, kó lè rí bóun ṣe fara balẹ̀ ṣiṣẹ́.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n kàn ń nu iwájú orí wọn, mà."

Ọ̀gá Dídán ní ṣé ọ̀rọ̀ fóòmù ni wọ́n wá sọ ni àbí ọ̀rọ̀ olè. Màmá Tọ́ọ̀ṣì ní kí ọ̀gá mú sùúrù, àgbà ni òun, ẹnu òun kì í yára.

Wẹ́dà ni wọ́n pè tẹ̀ lé e. Òun àti ìyá kì í bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí iná rẹ̀ ti ta sára ìdì òwú obìnrin náà, nítorí náà gbogbo èèyàn ló ti ń fi ojú olè wò ó. Ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ìbòjú jó irin, iná nìkan ló ń rí.

"Etí rẹ ńkọ́? Ṣé ìbòjú bo òun náà?"

Ó yọ fìlà, ó họ orí. "Màmá, mo gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn nígbà tí mo dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó pa dé jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń gbé ọmọ tó ti sùn kalẹ̀. Èmi tí mo bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, òpópónà kejì ń gbọ́."

Ìkẹta tí wọ́n ránṣẹ́ pè ni àbúrò Ọ̀gá Dídán. Ó ti dé ọgbà náà láago kan, ó fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò bá a, ó jókòó, ó mu ohun tútù méjì, ó lọ. Kò sì fi pa mọ́ pé òun kórìíra ọkọ̀ náà. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó fi í gbé ìyàwó, ìyẹn ní ìyàwó rẹ̀ máa fi gìgísẹ̀ bàtà fa ọkọ̀ òun ya. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e.

Màmá Tọ́ọ̀ṣì wo bó ṣe fẹ̀ tó. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó wọlé síbi tí ẹni tó ń tú ìjókòó á sùn sí, kó forí sí abẹ́ sìtíárìn. Ọkùnrin náà gbìyànjú. Èjìká kan wọlé, èkejì kọ̀. Wẹ́dà àti sájẹ́ǹtì ló fà á jáde lẹ́sẹ̀.

"Ó tó," Màmá Tọ́ọ̀ṣì ní. "Lọ jókòó, má mí mọ́."

Òun fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ dún. Ó tan iná sí ẹsẹ̀ àwọn ìjókòó. Kápẹ́ẹ̀tì kankan kò lè kúrò láìjẹ́ pé wọ́n tú ìjókòó méjèèjì, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti padà sí àyè wọn. Wọ́n le. Wọ́n ti nu epo kúrò lára wọn. Nǹkan kan ò ha etí ilẹ̀kùn. Lórí gíláàsì iwájú, ẹnì kan ti fi aṣọ rírọ̀ nu àmì ọwọ́ kúrò.

Màmá Tọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èyí tí kì í dùn mọ́ ẹni tó bá dá ọ̀ràn. "Olè kan wà tó jalè tán, tó tún nọ́ọ̀tì dè, tó nu gíláàsì, tó rọra ti ilẹ̀kùn," ló wí. "Ó ku kó fi ìwé ìdúpẹ́ sílẹ̀."

Ó rán sájẹ́ǹtì sí ṣúmékà tó ti jókòó rán bàtà ní ìdojúkọ géètì náà láti àárọ̀. Sájẹ́ǹtì padà wá ròyìn. Géètì kan ṣoṣo ni ọgbà ní. Lẹ́yìn tí ìyá jáde, èèyàn méjì péré ló wọlé: ọkùnrin sísanra kan, àti ọkùnrin tín-ín-rín kan tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó fi fìlà bojú, tó gbé àpò irinṣẹ́ pẹlẹbẹ. Bí àpò náà ṣe pẹlẹbẹ nígbà tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pẹlẹbẹ nígbà tó jáde. Kò sẹ́ni tó ru ẹrù.

"Awẹ́ mọ́kànlá ò lè fò lókè géètì," Màmá Tọ́ọ̀ṣì ní. "Ẹrù ò tíì kúrò nínú ọgbà yìí."

Lójú ẹsẹ̀ ni Ọ̀gá Dídán rántí pé ó ti rẹ òun. Ó ní kí wọ́n máa wá ohun tí wọ́n ń wá, òun máa gbé ọkọ̀ òun lọ sílé bó ṣe wà. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó.

"Ẹ dúró díẹ̀, ọ̀gá. Wẹ́dà, wá bá mi wo irin tó ga sókè yìí."

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ irin náà láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Ó súfèé. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ọkọ̀ méjì nìyí. Iwájú ọ̀kan, ẹ̀yìn òmíràn. Wọ́n gé wọn, wọ́n jó wọn pọ̀ níbí. Ọwọ́ ẹni tó ṣe é dáa o, àmọ́ ọkọ̀ méjì ni."

Àbúrò ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀gá," Màmá Tọ́ọ̀ṣì ní, "ìbọ̀wọ́ yín dà?"

"Mo gbàgbé wọn sílé."

"Ẹ ṣí bùútù fún wa kẹ́ ẹ tó lọ."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nílé."

"Èyí tó wà lọ́rùn yín ńkọ́?"

Sájẹ́ǹtì ló bọ́ ẹ̀wọ̀n náà lọ́rùn rẹ̀, tó fi ṣí i. Òórùn gọ́ọ̀mù jáde kọ́kọ́. Kápẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá wà níbẹ̀, wọ́n ti tò wọ́n lójú-sójú kí irun wọn má baà bàjẹ́. Bébà wà lórí wọn, pẹ̀lú ìlà ṣọ́ọ̀kì pupa. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìbọ̀wọ́ funfun méjì ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀gá Dídán jẹ́wọ́ ní ìdúró. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé ni ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ fẹ́ fi òun jẹ alága. Ogún ọdún lòun ti ń lé èèyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ náà torí pé ara ọkọ̀ wọn kì í ṣe ojúlówó. Ọdún kẹta tóun ra tòun lòun ti mọ̀ pé wọ́n jó o pọ̀ ni, òun sì fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tóun rí ìlà pupa yẹn lórí bébà, òun ò sùn; òun lòun wọ aṣọ iṣẹ́, tóun fi fìlà bojú wọ inú ọgbà. Tó bá jẹ́ pé bébà nìkan lòun gbé, wọ́n á béèrè ìdí. Tí kápẹ́ẹ̀tì bá bá a lọ, olè lásán ni wọ́n á pè é. Bí wọ́n bá sì ti ti obìnrin náà mọ́lé, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́?

"Aránkápẹ́ẹ̀tì lásánlàsàn," ó ní, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àfi bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣẹ̀.

Ìyá Oníkápẹ́ẹ̀tì dìde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kó awẹ́ mọ́kànlá rẹ̀, ó gbọn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀gá, mo bo ìpẹtà rí. Mo bo ihò rí. Èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín, mi ò bá yín bò ó. Ẹ máa fẹsẹ̀ lásán wà á."

Sájẹ́ǹtì fa ìwé àṣẹ náà ya. Òun ló mú ọ̀gá lọ. Ọkùnrin náà sì ń bojú wẹ̀yìn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi nǹkan bo ọkọ̀ náà, eruku ń bọ̀.

Ìyá gbé ìkòkò ìrẹsì rẹ̀ jáde. Wẹ́dà lọ ra ẹran kún un, ó gbé e síwájú obìnrin náà láìwí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe parí ìjà òwú jíjó. Ṣúmékà sọdá wá pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀ lápò. Orí kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n jókòó sí. Àbúrò ọ̀gá jẹ àwo mẹ́ta, ó ní òun ò gbádùn ilẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun tó báyìí rí. Màmá Tọ́ọ̀ṣì na eékún rẹ̀ gbọọrọ, ó jẹ, ó yó, ó kọrin olè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo wọn sì gbè é. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu títí oòrùn fi wọ̀, kò sí àgádágodo kankan lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n túká, kálukú forí lé ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ gbọn ìdí yín. Mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ilé yín.