Ajá Mojí àti Àpò Jalàbíà Bàbá Onílé

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi mú ajá yìí o!"

Ohùn Bàbá Àbúdùlàhí, onílé wa, nìyẹn. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni. Bàbá ti ṣe àlùwàlá tán, wọ́n ti wọ jalàbíà funfun, wọ́n ti fín lọ́fíńdà, wọ́n ń lọ kírun. Kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, ọmọ ajá Mojí ti fò mọ́ wọn. Ẹrẹ̀ dé àyà aṣọ, itọ́ dé ọwọ́, àpò ọ̀tún sì fà ya pẹ̀rẹ̀.

Mojí sáré jáde, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí."

"Mojí, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Màá tún padà lọ pààrọ̀ aṣọ, màá tún àlùwàlá ṣe, kí n tó dé mọ́ṣáláṣí, Lèmọ́mù á ti bẹ̀rẹ̀ ìwáàsù kútúbà. Ó tó gẹ́ẹ́. Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, bí ajá yìí bá tún fò mọ́ mi, ọjọ́ náà ló máa kúrò nílé mi."

Èmi ni Màmá Ibtisam, aránṣọ tó wà ní yàrá iwájú nínú ilé náà, ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀ níbí. Ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Mi ò lè dá Bàbá lẹ́bi, sùúrù yín náà lè má tó tiwọn bí wọ́n bá fi ẹrẹ̀ kun aṣọ Jímọ́ọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n àánú Mojí ṣe mí. Tíṣà ni. Ìjọba gbé Christopher ọkọ rẹ̀ lọ síṣẹ́ ní Ìfọ́n, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù sí yàrá ẹ̀yìn. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, olè yọ gíláàsì fèrèsé wọn, ó kó fóònù, ó gbé sílíńdà gáàsì. Láti ọjọ́ yẹn ni Mojí kò ti rí oorun sùn, àfi ìgbà tó gba ọmọ ajá yìí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Fọkànbalẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ! Ajá tí kò fọkàn balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan rí láyé rẹ̀.

Ẹ sì mọ agbègbè wa. Ajá tí kò bá ti nílé, kì í pẹ́ kó tó dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ọkùnrin kan tó máa ń ra ajá kiri tiẹ̀ dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà gan-an, ó ń wo itan Fọkànbalẹ̀.

"Màmá Ibtisam, ṣé wọn ò ní ta èyí?"

Mo ní kó yáa máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Bí Bàbá ṣe fún Mojí ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí, gbogbo wa di amòye. Ẹnì kan ní kó fún ajá náà ní ẹ̀tù ìbọn jẹ, pé yóò gbọ́n. Ẹnì kan ní kó fi ìgbálẹ̀ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Èmi náà, kí n má parọ́, mo ní kó bu ata gígún sí i nímú.

Mojí mú ìgbálẹ̀. Kí ni èrè rẹ̀? Fọkànbalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Mojí, ó ń tọ̀ sílẹ̀ bó bá ti rí ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti yọ báyìí, ó di fò!

"Èmi tí mò ń fún un lóúnjẹ ló wá ń sá fún," ni Mojí wí, omijé lé ròrò sí i lójú.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus, òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko, wá sí àdúgbò wa láti gún àwọn ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Dókítà la máa ń pè é. Fọkànbalẹ̀ gba tirẹ̀, ó ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Mojí wá ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un.

Dókítà bi í pé, "Mà, bí ẹ bá ní kó jókòó, tó sì jókòó, kí ló ń rí gbà?"

"Kí ló ń rí gbà kẹ̀? Ṣé kò rí ẹ̀bà jẹ ni?"

"Bó jókòó, bó fò, ó máa jẹ ẹ̀bà yẹn. Ìyẹn kì í ṣe èrè. Ẹ̀yin tíṣà, bí ọmọ bá dáhùn ìbéèrè dáadáa, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń pàtẹ́wọ́ fún un."

"Ẹ ò wá rí i? Ìgbálẹ̀ kò kọ́ ajá ní nǹkan kan ju pé kó bẹ̀rù ẹni tó mú ìgbálẹ̀. Ẹ̀tù ìbọn, májèlé ni. Ata ní tirẹ̀ á ba imú rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ imú yẹn ló fẹ́ fi gbọ́ òórùn olè fún yín."

Mo yáa dojú kọlẹ̀. Mojí ò tú mi fó, Ọlọ́run á bù kún un.

Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹ wá ohun tó fẹ́ràn jù. Bó bá ṣe ohun tí ẹ fẹ́, kó rí i gbà lójú ẹsẹ̀. Kó má tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ. Ẹ má sì kọ́ ọ nígbà tó bá ti yó."

"Kí ló wá fẹ́ràn jù, Dókítà?"

"Èyí tí èmi ò lè mọ̀ nìyẹn. Ajá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ohun tó ń sáré lé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an."

Ilé ìwé ti gba ìsinmi, Mojí sì gbájú mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá, Fọkànbalẹ̀ jókòó, ó jẹ búrẹ́dì. Inú wa dùn. Ni Bàbá bá wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajá fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó fi Mojí sílẹ̀, ó di fò! Ọpẹ́lọpẹ́ ilẹ̀kùn tó wà ní títì.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé orí ẹja fún un. Fọkànbalẹ̀ gbé e sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, odindi ìdajì wákàtí ló fi ń rún un. Ẹ̀kọ́ parí. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó mú bisikíìtì jáde. Ajá náà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wo Mojí lójú bí ẹni tí wọ́n bú, ó yí ẹ̀yìn padà.

"Ó ti sú mi," ni Mojí wí. "Màá dá a padà sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó sàn ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ." Ó wọlé, ó sì sunkún. Mo gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mo mú jalàbíà tó fà ya jáde, kí n lè bá Bàbá rán àpò rẹ̀. Wọn ò tíì fọ̀ ọ́. Mo da inú àpò náà síta, mo gbọ̀n ọ́n. Nǹkan funfun wẹ́wẹ́ já bọ́ sílẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo fi sẹ́nu. Àgbọn ni!

Bí mo ṣe gbójú sókè, ta ni mo rí? Fọkànbalẹ̀. Mi ò mọ ibi tó gbà wọlé. Ó fìdí lélẹ̀ síwájú mi, kò gbó, kò fò, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àpò náà.

Ajá tí kì í jókòó ti jókòó!

"Mojíí! Mojí o! Wá wo nǹkan!"

Mojí sáré wá, ó rò pé ajá ti ba aṣọ jẹ́ ni. Mo fi àgbọn hàn án. Ṣé ẹ mọ̀ pé dókítà ọsibítù ti ní kí Bàbá fi obì jíjẹ sílẹ̀? Àgbọn oko wọn ní Ìpele ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ajá yìí kò sì fò mọ́ èmi rí, kò fò mọ́ ẹlòmíràn nínú ilé. Bàbá nìkan ni, àpò ọ̀tún nìkan sì ni.

Mojí fọwọ́ bo ẹnu. "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò!"

"Lápò jalàbíà ni, ìyá," ni mo fèsì, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

A ra àgbọn kan, a gé e wẹ́wẹ́. "Jókòó!" Bí ìdí bá ti kanlẹ̀, àgbọn dé ẹnu, "Káre!" Kó tó di alẹ́, Fọkànbalẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sì sá fún Mojí mọ́, òun ló tún ń tẹ̀ lé e kiri.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́ dàrú. Lẹ́nu géètì, ajá á jókòó, á tún fò sókè. Mojí pe Dókítà.

"Mà, ṣé kó tó dìde lẹ fún un, àbí lẹ́yìn tó dìde?"

Mojí ronú díẹ̀. "Inú láílọ́ọ̀nù ni àgbọn wà. Kí n tó tú u, ó ti dìde."

"Ẹ ti fún un ní èrè ìdìde nìyẹn. Ẹ mú àgbọn dání kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Ó mú un dání. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí kan ìgbà tí èmi náà ń kọjá tèmi ti àgbọn lápò.

Jímọ́ọ̀ dé. Mi ò lè ránṣọ. Bàbá jáde nínú jalàbíà tí mo rán àpò rẹ̀, funfun báláú. Wọ́n gbé búútà sílẹ̀, wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí géètì. Fọkànbalẹ̀ rí wọn. Ó nà sáré. Yéè!

"Jókòó!" ni Mojí kígbe.

Ajá náà dúró gbagidi. Ó wo Bàbá. Ó wo Mojí. Ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín ọgbà, ìrù rẹ̀ ń ti iyanrìn kiri.

"Káre! Káre, ọmọ mi!" Àgbọn dé ẹnu. Bàbá kọjá níwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ, ìdí rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Wọ́n jáde ní géètì, kò sí ẹrẹ̀, kò sí itọ́. Mo pariwo débi pé àwọn tó wà lójú títì yọjú wá wòran. Mojí ń fò sókè bí ọmọdé, òun ló wá ń fò báyìí!

Nígbà tí Bàbá ti mọ́ṣáláṣí dé, a ròyìn ọ̀rọ̀ àgbọn fún wọn. Wọ́n dúró lókèèrè díẹ̀. "Ìwọ, jókòó." Ó jókòó. Bàbá ki ọwọ́ sápò, wọ́n ju àgbọn kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín fi yọ.

"Ṣé nítorí àgbọn mi lo ṣe ń fìyà jẹ mí látọjọ́ yìí? Ká ní o ti sọ!"

Ní ọ̀la rẹ̀, ọkùnrin tó ń ra ajá tún yọjú. "Bàbá, mo gbọ́ pé ajá yẹn ń lọ."

"Ajá wo?" Bàbá yọ jìgí ojú wọn. "Ajá ilé mi lo fẹ́ rà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá gba ọmọ ajá tuntun, ẹ gbọ́ tèmi tó fẹ́ fi ata ba imú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ bíi mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ sáré sí. Èyí tó fẹ́ràn díẹ̀, ẹ fi kọ́ ọ nínú ilé. Èyí tó ń kú lé lórí, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ibi tí ariwo àti èrò bá wà. Ẹ gé e kéékèèké, ẹ fún un kó tó dìde, kí gbogbo ará ilé sì máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ajá mìíràn kò ní ka oúnjẹ sí rárá, àkísà tí ẹ óò jọ máa fà tàbí bọ́ọ̀lù ni yóò máa wá, ẹ fi bá a ṣeré gẹ́gẹ́ bí èrè. Ẹ má fún un ní àlùbọ́sà, ṣokoléètì, ọtí tàbí egungun adìẹ sísè. Àgbọn pàápàá, bó bá pọ̀ jù, inú á run ún. Bó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ẹ máa dín oúnjẹ kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dín "káre" kù. Ẹ má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lọ́dọọdún ni.

Ní ti ilé wa, Mojí ń sùn dáadáa. Bàbá sì gbé aṣọ tuntun wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí n fi rán jalàbíà mìíràn. Mo ní, "Bàbá, ṣé bí ti tẹ́lẹ̀ náà ni, àpò kan lápá ọ̀tún?"

Wọ́n ní, "Rárá o. Rán méjì sí i. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Fọkànbalẹ̀."