Bàtà Tí Ó Ń Fún Ìyàwó Aránbàtà

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó díẹ̀. Ìtàn yìí ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Aránbàtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ṣewẹ́kú, nítorí kò sí bàtà tó rán tí kì í ṣe wẹ́kú lẹ́sẹ̀ ẹni tó ni ín. Agbéraga ni. Bí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ onígbàgbọ́, bá ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á ní, "Ṣé Ọlọ́run ló ń bá mi di abẹ́rẹ́ mú ni?"

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ sọ pé, "Ọkọ mi, bàtà mi ń fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Kò wo ẹsẹ̀ aya rẹ̀ o! Bàtà ló gbà. Ó ki ẹsẹ̀ onígi tí àwọn aránbàtà ń lò bọ inú rẹ̀, ó nà án, ó dá a padà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún fún un. Ó tún nà án. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló na bàtà kan ṣoṣo yẹn.

Obìnrin tó máa ń sáré gun àtẹ̀gùn wá ń dúró lágbedeméjì, á di ògiri mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń tò sẹ́yìn kó tó lè sùn, nítorí bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí rẹ̀ á há. Ó ń wúkọ́. Iṣẹ́ díẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣewẹ́kú á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá arúgbó, ṣé kí n gbẹ́ ọ̀pá fún ẹ ni?" Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn bá a lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti ń gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì tètè padà. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ọkọ lọ.

"Ọ̀gá, omi ló wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó yín yẹn. Ó jọ pé ọkàn wọn ò lágbára láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù lónìí. Tá a bá tètè lọ, ìtọ́jú wà."

"Lónìí kẹ̀? Ẹ má já mi láyà, jàre. Awọ bàtà yẹn ló súnkì. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò bá a láyé. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà jókòó lórí àtẹ̀gùn, kò lè dìde mọ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà sapá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ṣewẹ́kú mú bàtà náà wá láti wọ̀ ọ́ fún un. Kò wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ aya rẹ̀ lé itan, ó wá wò ó wàyí, ó rí bó ṣe wú tó. Ó figbe ta: "Yéè! Gbogbo ayé ni mò ń wọn ẹsẹ̀ wọn, mi ò wo ti aya mi!"

Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, òun náà ń sunkún.

"Ṣé Ọlọ́run tí mo fi ṣẹ̀sín á gbọ́ mi báyìí?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ìyàwó yín ń gbàdúrà fún lórí àtẹ̀gùn yẹn. Irú yín ni Jésù kú fún. Ẹ má sọ fún Òun náà pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, bàtà lọ́wọ́, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Olúwa.

Ó rí ìdáríjì gbà. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí mẹ́ta ṣì wà lórí ibùsùn, kò sì sẹ́ni tó ń fi wọ́n sùn. Lónìí, kó tó wọn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ tẹ ojúgun rẹ̀, á béèrè bó ṣe ń mí bó bá dùbúlẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí ẹsẹ̀ rẹ tàbí ti ẹni rẹ bá ń wú, tí èémí ń há, dìde, ẹ lọ ọsibítù lónìí. Ẹ̀mí rẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́? Ìgbà mélòó lo ti gbọ́ ìkìlọ̀, tí o kàn tún ń na bàtà bíi Ṣewẹ́kú? Jésù ń pè ọ́. Ṣewẹ́kú ní kí n bẹ̀ ọ́: má dá ọjọ́ fún Un. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn.