Ìwé Tí N Kò Yẹ̀ Wò

Gílóòbù kékeré tí maikirosíkóòpù wa ń lò ni mo lọ rà ní ọjà Kenyatta, ní ìdálẹ̀ tí mo ń gbé. Abdulmajeed, ọmọ Ṣakí, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Mo bi í léèrè ohun tí yóò fi hàn mí pé ojúlówó ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó so ó mọ́ iná, ó sì tàn.

"Ẹ má gbà mí gbọ́, àǹtí. Ẹ wò ó."

Bí ìfẹ́ rẹ̀ ṣe wọ̀ mí lọ́kàn nìyẹn. Ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní GRA, n kì í sì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi bí mo bá rí i. Ìwà yìí ti lé ọkùnrin púpọ̀ sá. Òun fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, òun ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀.

"Zuliat, AS ni mí. Àbúrò mi, Qasim, SS ni. Ẹ̀yìn mi ló kú sí, níbi tí mo ti ń pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. N kò ní bí irú rẹ̀ láéláé."

"Fọkàn balẹ̀, olówó orí mi. AA ni èmi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò tí mo gbà lọ́dún tí mo wọ yunifásítì. Síbẹ̀, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyáàfin Oníyèméjì! Ta ló wá yẹ tìrẹ wò?"

Mo gbérí sókè. "Èmi ni mo ń yẹ tayé wò."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí yìgì wa, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fa ẹ̀jẹ̀ ara mi. AS. Mo gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò méjì mìíràn. AS. AS.

Mo fi èsì náà han ìyá mi, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún rí i?"

"Èmi nìkan, Màmá."

"Fà á ya. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ṣebí ìwọ lo sọ pé ẹyọ kan péré nínú ọmọ mẹ́rin ló lè jẹ́ SS?"

"Qasim ni ẹyọ kan yẹn, Màmá."

Ó bú sẹ́kún. Ó ti ránṣẹ́ pe gbogbo ará ilé wa ní Ọ̀fà wá síbi yìgì.

Àánú ara mi kò ṣe mí. Ẹni tó ń bi gbogbo ayé léèrè ẹ̀rí, tí kò bi ara rẹ̀ rí, kì í ṣe oníyèméjì. Agbéraga ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú Abdulmajeed ní ṣọ́ọ̀bù.

"Má gbà mí gbọ́," ni mo wí. "Wò ó."

Kò wò ó. Ó dojú wọn dé.

"Mo gbà ọ́ gbọ́, Zuliat mi."

Ó kó wọn padà fún mi; àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí yìgì mọ́.

"Gílóòbù yẹn ńkọ́?" ni ó bi mí.

"Ó ṣì ń tàn."

Ó mi orí. Oníbàárà kan wọlé, ó ń wá wáyà. Abdulmajeed nu ojú rẹ̀, ó sì yíjú sí i.

"Ọ̀gá, wetin you want?"